Bàbá, Ẹ Má Wúkọ́

Ọjọ́bọ̀ ni a máa ń ṣe iṣẹ́ abẹ kátáráàtì ní ilé ìwòsàn tí mo ti ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ojú ní Ìbàdàn. Ní Ọjọ́bọ̀ kan ní ọdún 2003, a ti ṣe ojú mẹ́rin, ọ̀sán ti pọ́n, ebi ti ń pa mí, mo sì ti pinnu pé bí a bá ti yọwọ́ lára ẹni karùn-ún, ọ̀dọ̀ alámàlà ẹ̀yìn géètì ni n ó kọ́kọ́ yà sí. Bàbá ni ẹni karùn-ún. Ẹni ọdún 76 ni wọ́n, wọ́n ti ṣiṣẹ́ rélùwéè fẹ̀yìn tì, wọ́n ga, wọ́n gbẹ, ẹ̀fẹ̀ kì í sì í tán lẹ́nu wọn. Bí mo ṣe ń ta aṣọ aláwọ̀ ewé bo orí wọn, tó ku ojú ọ̀tún nìkan níta, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé kì í ṣe pé ẹ fẹ́ sin mí láàyè?" Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Bàbá, ẹ má sọ̀rọ̀, ẹ má mirí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má wúkọ́."

Wọ́n ní àwọn ò ní wúkọ́.

Dókítà tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ náà kéré sí mi lọ́jọ́ orí. Èmi ni mo kọ́ ọ bí a ṣe ń wọ ibọ̀wọ́ láìfọwọ́ kan ìta rẹ̀, nítorí náà bí ẹ bá rí i tí mò ń pè é ní "ó", ẹ má kà á sí àrífín. Ọwọ́ rẹ̀ dára. Ó ti la etí òkè dúdú ẹyinjú Bàbá, nǹkan bíi mílímítà mọ́kànlá, bí a ṣe ń ṣe é nígbà náà. Ó ti ti kátáráàtì náà jáde, ó gbó, àwọ̀ rẹ̀ dà bí oyin. Ó ku kó fi lẹ́ńsì ike rọ́pò rẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni Bàbá wúkọ́.

Kì í ṣe ikọ́ ńlá. Ẹyọ kan, èkejì tẹ̀lé e. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, nǹkan kan ń ti ojú mi látẹ̀yìn." Abẹ́rẹ́ tó ń pa ìrora ti wọlé dáadáa, kò yẹ kí wọ́n mọ nǹkan kan lára rárá.

Bí iná máíkíróskóòpù bá bọ́ sínú ojú tí nǹkan kan ò ṣe, ọmọlójú máa ń pọ́n bí ẹyín iná, torí pé ìmọ́lẹ̀ náà ń ta padà láti ara awọ ẹ̀yìn ojú. Pípọ́n yẹn ni dókítà fi ń mọ ibi tí ọwọ́ òun wà. Mo ń wo inú máíkíróskóòpù náà láti ẹ̀gbẹ́, mo rí i tí pípọ́n náà ń ṣú láti apá kan, bí ìgbà tí ẹnìkan ń fa kọ́tìnnì sí fèrèsé. Ẹyinjú le gbagidi. Ibi tí abẹ là bẹ̀rẹ̀ sí í yà fúnra rẹ̀, awọ aláwọ̀ tó yí ọmọlójú ká yọrí síta, omi kíki inú ojú tẹ̀lé e. Dókítà ò sọ nǹkan kan. Ó ju lẹ́ńsì ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó fi ìka ìfábẹ̀lá rẹ̀ tẹ ojú ọgbẹ́ náà, ó dí i pa. Pẹ̀lú gbogbo ẹ̀rọ olówó gọbọi tó wà nínú tíátà yẹn, ìka ló kọ́kọ́ ṣiṣẹ́.

"Òwú," ó ní. "Èyí tó nípọn."

Mo ti rí ẹ̀jẹ̀ kí ọjọ́ yẹn tó dé. Inú ẹ̀jẹ̀ ni nọ́ọ̀sì ń gbé. Ṣùgbọ́n n kò tíì rí ẹ̀jẹ̀ tó ń ti ojú ènìyàn síta láti inú ara rẹ̀, ọwọ́ mi sì gbọ̀n nígbà tí mo ń na òwú sí i. Iṣẹ́ ojú kì í lẹ́jẹ̀. Ẹ lè ṣe ojú mẹ́wàá láàárọ̀ kí aṣọ funfun yín má ní àbààwọ́n kan. Dúdú ojú tó mọ́ gaara níwájú yẹn kò ní iṣan ẹ̀jẹ̀ kankan nínú, òun sì ni abẹ sábà máa ń gbà kọjá. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi rò pé ewu ẹ̀jẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Ẹ wo táyà kẹ̀kẹ́. Táyà wà lóde, ó le; túúbù wà nínú, ó rọ̀; afẹ́fẹ́ inú túúbù ló ń tì í mọ́ ara táyà. Bẹ́ẹ̀ ni ẹyinjú rí. Funfun ojú ni táyà. Awọ kan tó kún fún iṣan ẹ̀jẹ̀ ló tẹ́ inú rẹ̀ yíká, òun ni túúbù, awọ tó ń ríran sì lẹ̀ mọ́ ọn láti inú. Omi ojú, èyí tó ṣàn àti èyí tó ki, ló dúró bí afẹ́fẹ́. Gbogbo rẹ̀ kò sábà ju nǹkan bíi mílímítà 24 lọ láti iwájú dé ẹ̀yìn, ohun tó sì lè gbà sínú kò kún ṣíbí tíì méjì. Síbẹ̀, ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń sáré gbà bí ó ti ń gba awọ yẹn kò pọ̀ nínú ara ènìyàn: bí ẹ bá pín ẹ̀jẹ̀ tó ń wọ ojú sí ọ̀nà mẹ́wàá, ó tó mẹ́jọ tó ń gba ibẹ̀. Àwọn iṣan tín-ín-rín ló ń la inú funfun ojú kọjá wọ inú rẹ̀, bí ẹni pé télọ̀ kan fi òwú gán túúbù mọ́ táyà.

Ní ojú tí kò lárùn, ìfúnpá inú rẹ̀ sábà máa ń wà láàárín 10 sí 21 lórí òṣùwọ̀n àwọn dókítà. Bí abẹ bá ti ṣí i, ìfúnpá náà já wálẹ̀ sí òdo. Túúbù ti rọ nìyẹn. Bí ọ̀kan nínú àwọn iṣan tó gán wọn pọ̀ bá ti gbó, tí ọjọ́ orí tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru ti sọ ọ́ di gbígbẹ, ikọ́ kan péré lè já a. Ẹ̀jẹ̀ á dà sí àárín táyà àti túúbù, á máa ti túúbù wọnú. Bó sì ṣe ń tì í ni àwọn iṣan yòókù ń nà, tí wọ́n ń já, tí ẹ̀jẹ̀ ń pọ̀ sí i. Bí ibi tí abẹ là bá wà ní ṣíṣí, ẹ̀jẹ̀ yẹn lè ti gbogbo ohun tó wà nínú ojú síta kí ènìyàn tó ka ọgọ́ta. Ṣùgbọ́n bí a bá tètè dí i, ẹ̀jẹ̀ tó ń dà kò ní ibi tó máa gbà, ìfúnpá á gòkè, ìfúnpá yẹn ló sì máa tẹ iṣan tó já náà pa. Ìka Dókítà kò ṣe ju ìyẹn lọ. Ó dá ọmọrí ìkòkò padà.

Ó rán an. A gbé orí tábìlì sókè, mo wọn ẹ̀jẹ̀ ríru Bàbá, mo bá a ní 200 lókè, 110 nísàlẹ̀; 150 ni nígbà tí wọ́n ń wọlé. A so omi mannitol mọ́ wọn lápá kó lè fa omi kúrò nínú ojú. Wọ́n bi mí pé, "Ṣé ó ti tán?" Mo ní ó ti tán. Kì í ṣe irọ́, kì í sì í ṣe òótọ́.

N kò jẹ àmàlà lọ́jọ́ náà.

Ọmọbìnrin wọn ló sọ fún wa ní ìrọ̀lẹ́ pé ikọ́ yẹn ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, pé Bàbá ń fín aáṣà, pé wọ́n ti ń lo gíláàsì ọ̀nà jíjìn láti ìgbà tí wọ́n ti wà ní ọ̀dọ́. Ohun mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀kan náà. Ẹni tí kì í rí ọ̀nà jíjìn láti kékeré, ẹyinjú rẹ̀ sábà máa ń gùn ju ti ẹlòmíràn, awọ inú rẹ̀ á sì nà, á fẹ́lẹ́. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n nípa ikọ́. Fọ́ọ̀mù tí à ń kọ nígbà náà ní àyè fún ìtọ̀ ṣúgà, ó ní àyè fún orúkọ ọkọ tàbí ìyàwó, kò ní àyè fún ikọ́. Mo ti bínú sí fọ́ọ̀mù yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí mo fi gbà pé èmi náà lẹ́nu, mo sì lè béèrè.

Ẹ̀jẹ̀ tó dà sí àárín táyà àti túúbù báyìí kì í ṣeé fà lọ́jọ́ náà, torí ó ti dì. A máa ń dúró kó yọ́, ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, a ó sì máa fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ọmọ nínú aboyún wo ojú náà láti orí ìpénpéjú. Ní ọjọ́ kejìlá, Dókítà lu ihò kékeré sára funfun ojú Bàbá. Ohun tó jáde dúdú, ó ń yọ̀, bí ọ́ìlì tó ti pẹ́ nínú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀. Bàbá rí ìmọ́lẹ̀, wọ́n rí i bí a bá ju ọwọ́ níwájú wọn. Ibẹ̀ ló mọ. Wọ́n kó ẹrù wọn, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ọpẹ́ yẹn sì dùn mí ju èébú lọ, wọ́n ní ti òsì tó kù, kí a jẹ́ kí ó máa ṣú lọ ní tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1747 ni Jacques Daviel, ará Faransé, kọ́kọ́ la ojú, tó yọ kátáráàtì jáde. Kó tó dìgbà yẹn, abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń tì í ṣubú sínú ojú. Kò pẹ́ sí i, kí ọ̀rúndún náà tó parí, tí àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà ní Yúróòpù fi kọ ọ́ sílẹ̀ pé ojú mìíràn máa ń tú gbogbo ohun inú rẹ̀ síta pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀. Wọn ò ní òwú tó tín-ín-rín tó láti fi rán ojú. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn wọn, ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé kí aláìsàn fẹ̀yìn lélẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, kí wọ́n to àpò yanrìn sí ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì kó má baà yí i. Ìyá àgbà kan tó kọ́ mi níṣẹ́ bá àpò yanrìn yẹn. Ó ní ẹ̀yìn dídùn ló máa ń ṣe àwọn aláìsàn ju ojú lọ.

Kò wọ́pọ̀. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ èyí dáadáa kí ẹnikẹ́ni má baà tìtorí mi jókòó sílé pẹ̀lú kátáráàtì. Àwọn dókítà ojú ní Bìrìtéènì kó ìṣẹ̀lẹ̀ wọ̀nyí jọ káàkiri orílẹ̀-èdè wọn, wọ́n sì kéde ní ọdún 2004 pé nínú iṣẹ́ abẹ kátáráàtì, ó jẹ́ bí ojú 4 nínú 10,000. Ní gbogbo ọdún tí mo fi dúró ní tíátà, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo rí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ṣẹlẹ̀ sí ojú rẹ̀ kan, kì í ṣe ọ̀kan nínú 10,000 mọ́. Ojú rẹ̀ kejì náà ń bẹ nínú ewu ju ti ẹlòmíràn lọ. Bàbá mọ̀ bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún wọn.

Ẹ̀jẹ̀ kan tún wà tó jẹ́ pé ẹ̀yìn ẹyinjú ló máa ń dà sí, kì í ṣe inú rẹ̀, abẹ́rẹ́ ló sì máa ń fà á. Ojú ò tíì ṣí rárá. Nígbà kan, gbogbo ẹni tó bá fẹ́ ṣe kátáráàtì la máa ń gún ní abẹ́rẹ́ gígùn láti abẹ́ ìpénpéjú lọ sẹ́yìn ẹyinjú, kí ojú lè kú tipiri. Ènìyàn kì í rí ibi tí ṣóńṣó abẹ́rẹ́ náà dé. Ìyá kan tó ń ta aṣọ ní ọjà Gbági, a gún wọn tán, mo yíjú láti mú òwú, kí n tó yíjú padà ojú wọn ti yọ síwájú, ìpénpéjú le, kò ṣeé ṣí. Dókítà fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó dúró, ó tún tẹ̀ ẹ́. Mo tan iná sí wọn lójú, mo ní, "Màmá, ṣé ẹ rí iná yìí?" Wọ́n ní, "Iná wo?"

Àkókò kò sí mọ́ nìyẹn. Bí ẹ̀jẹ̀ bá fún iṣan tó ń bọ́ awọ ìríran pa, nǹkan bíi wákàtí kan àbọ̀ ni awọ náà lè fara dà kí ó tó kú. Dókítà mú sísọ́ọ̀sì, ó gé igun ojú wọn, ibi tí ìpénpéjú òkè ti pàdé ti ìsàlẹ̀ níhà etí, ó gé okùn tó so ti ìsàlẹ̀ mọ́ egungun, àyè sì ṣí. Ó burú láti wò, mo jẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó pé, Màmá ní iná náà ti pọ̀ jù, kí n gbé e kúrò. Igun ojú yẹn jinná kúnná débi pé ènìyàn ní láti wá a kó tó rí i. Kátáráàtì náà, oṣù méjì lẹ́yìn èyí la tó ṣe é. Lóde òní, ibi púpọ̀ ń kán oògùn sójú lásán, tàbí kí wọ́n gba abẹ́ awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan fi ọ̀pá kékeré tí kò ní ṣóńṣó fún oògùn náà sẹ́yìn. Bí ẹ bá ń lọ ṣe tiyín, ẹ béèrè èyí tí wọ́n fẹ́ ṣe. Kò sí dókítà gidi tó máa bínú sí ìbéèrè yẹn.

Ìgbà tí ara wọn ti balẹ̀ ni Màmá tó wá sọ fún mi pé àwọn ń mu áspírìn, àwọn sì ń mu àgbo orúnkún tí wọ́n rẹ sínú ògógóró pẹ̀lú ááyù. Mo ní ṣé ẹ sọ fún dókítà? Wọ́n ní dókítà bi àwọn ní oògùn tí àwọn ń lò, àgbo kì í ṣe oògùn òyìnbó. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti yí ìbéèrè mi padà. N kì í béèrè oògùn mọ́. Mo máa ń ní, "Kí ni ẹ gbé mì láàárọ̀ yìí? Kí ni ẹ gbé mì lánàá?" Ẹnu á yà yín tí ẹ bá gbọ́ ohun tí àwọn ènìyàn ń gbé mì.

Ṣùgbọ́n ẹ má sáré o. Ẹni tí dókítà ọkàn fún ní oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, bíi warfarin, kó má ṣe dá a dúró fúnra rẹ̀ nítorí pé ó fẹ́ ṣe ojú. Mo mọ ọkùnrin kan tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn fún, tó gbọ́ lẹ́nu aládùúgbò pé oògùn náà lè jẹ́ kí ojú òun ṣẹ̀jẹ̀. Ó pa á tì. Ọjọ́bọ̀ la dá fún un. Ní ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ náà, àrùn ẹ̀gbà gbé e, a ò sì rí i ní tíátà mọ́. Fún kátáráàtì, ohun tí àwọn dókítà sábà máa ń ṣe ni pé kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ onítọ̀hún wò kí wọ́n lè mọ̀ pé oògùn náà kò ju bó ṣe yẹ lọ, kí wọ́n jẹ́ kó máa lò ó, kí wọ́n sì yẹra fún abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn ojú. Iṣẹ́ abẹ ojú mìíràn yàtọ̀. Àwọn dókítà méjèèjì, ti ọkàn àti ti ojú, ni kó bá ara wọn sọ ọ́.

Kì í ṣe tíátà nìkan ni ẹ̀jẹ̀ ti ń dà. Àwọn tí à ń ṣe iṣẹ́ abẹ glaucoma fún ni mo máa ń bẹ̀rù fún jù lẹ́yìn tí wọ́n bá ti délé. Àrùn tó ń fi ìfúnpá ba iṣan ojú jẹ́ ni glaucoma, kò sì fojú rere wo àwa aláwọ̀ dúdú. Iṣẹ́ abẹ rẹ̀ ni pé kí a la ojú omi tuntun fún ojú kí ìfúnpá lè wálẹ̀. Nígbà mìíràn ìfúnpá náà máa ń wálẹ̀ jù fún ọjọ́ mélòó kan, túúbù á tún rọ, ẹni náà á sì wà nílé, ara rẹ̀ á yá, á rò pé ó ti bọ́. Olùkọ́ kan láti Ọ̀yọ́, ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, inú ilé ìgbẹ̀ ló wà. Inú ti kún un láti ọjọ́ mẹ́ta, ó wá tiraka. Ó ní ńṣe ló dà bí ẹni pé ẹnìkan fi igi lu òun ní ojú láti inú. Ìríran lọ, èébì bẹ̀rẹ̀. Ìyá ilé ní ibà ni. Ìyàwó ní kì í ṣe ibà, ó gbé e wọ ọkọ̀ ní aago mẹ́rin ìdájí. Nítorí pé ojú tirẹ̀ wà ní dídí nígbà tí ẹ̀jẹ̀ náà dà, kò sí ohun tó jáde. A fa ẹ̀jẹ̀ náà nígbà tó yọ́, olùkọ́ náà sì padà sí kíláàsì. Ìyàwó yẹn ni mo ń kí títí dòní.

Ìdí nìyí tí èmi, obìnrin àgbà, fi máa ń dúró ní ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù tí n ó máa bi àwọn bàbá olóyè bóyá wọ́n ti yàgbẹ́. Wọ́n á kọ́kọ́ fajú ro. Mo máa ń ní kí wọ́n jẹ ìbẹ́pẹ, kí wọ́n mu omi, kí wọ́n má bẹ̀rẹ̀ mú nǹkan tó wúwo nílẹ̀, kí wọ́n má ti orí bọlẹ̀ fọ irun.

Kì í ṣe gbogbo pípọ́n ló léwu, ó sì yẹ kí n sọ ìyẹn, torí pé ìpè tí mo máa ń gbà jù lóru ni ti ọmọ ènìyàn tó wo ojú ìyá rẹ̀ nínú iná, tó rí i tó pọ́n bí ata. Bí funfun ojú bá pọ́n, tí kò ro wọ́n, tí wọ́n sì ń ríran bí àná, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ló dà sábẹ́ awọ òkè, á lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ sọ fún wọn ní ilé ìwòsàn láàárọ̀, ẹ sùn. Ohun tí kì í dúró di àárọ̀ ni ìrora tó dé lójijì, ìríran tó lọ lójijì, tàbí èébì tó bá ìrora ojú rìn.

Ẹ̀jẹ̀ tó sì dà sí iwájú ojú, láàárín dígí iwájú àti ọmọlójú, ẹ lè rí i bí ilà pupa nísàlẹ̀ dúdú ojú bí onítọ̀hún bá jókòó. Gbígbé orí sókè lórí ìrọ̀rí méjì tàbí mẹ́ta ló dára fún un, kí ẹ̀jẹ̀ náà lè rọ̀ sílẹ̀. Ní ilẹ̀ wa, ìbéèrè kan wà tí n kì í jẹ́ kó kọjá níbẹ̀: jẹ́nótáìpù. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ ẹni tó jẹ́ SS tàbí SC máa ń ká kò, á le, á sì dí ojú ihò tí omi ojú ń gbà jáde, ìfúnpá á gòkè kíákíá, iṣan ìríran á sì bàjẹ́ ní ìwọ̀n ìfúnpá tí ojú ẹlòmíràn lè fara dà. Èyí tó ya àwọn ènìyàn lẹ́nu ni pé ẹni tó kàn jẹ́ AS, tí kò tíì ṣàìsàn ọjọ́ kan nítorí rẹ̀, náà wà nínú ewu yìí. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ti wà nínú ojú, ohun tí AS máa ń fi pamọ́ níbòmíràn á fara hàn níbẹ̀. Ẹ sọ jẹ́nótáìpù yín fún dókítà ojú bí ẹ ṣe ń sọ ọ́ fún àfẹ́sọ́nà yín.

Mo gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé nítorí ewu abẹ, ó sàn kí wọ́n lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fi abẹ́rẹ́ ti kátáráàtì láti ìlú dé ìlú, wọn kì í la ojú, wọn kì í rán an. Ìwádìí ńlá tí wọ́n ṣe lórí ìfọ́jú ní gbogbo Nàìjíríà láàárín ọdún 2005 sí 2007 fi hàn pé nínú àwọn ojú tí wọ́n ti fọwọ́ kàn nítorí kátáráàtì, ó lé ní 40 nínú 100 tó jẹ́ pé irú àwọn bẹ́ẹ̀ ló ṣe é. Mo ti wo ojú bẹ́ẹ̀ púpọ̀. Kátáráàtì náà ṣì wà nínú, ó rì sísàlẹ̀ bí òkúta nínú ìkòkò, wọ́n kàn gbé e kúrò lójú ọ̀nà ni. Ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, ọyún wà níbẹ̀, ẹni tó gún un ti wà ní ìpínlẹ̀ mìíràn. Ká má tiẹ̀ sọ̀rọ̀ rẹ̀ jìnnà.

Ní ọdún 2006 ni mo tún rí Bàbá. Ọmọbìnrin wọn ló fà wọ́n lọ́wọ́ wọlé. Ojú òsì ti ṣú, wọn ò rí ibi tí àga wà. Mo kí wọn, wọ́n mọ ohùn mi. Wọ́n ní, "Ìwọ tó ní kí n má wúkọ́." N kò mọ ohun tí mo lè fi dáhùn.

Dókítà kò sáré gbé wọn wọ tíátà. Oṣù méjì gbáko ni a fi múra. Dókítà àyà wo ikọ́ náà, aáṣà lọ, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yí padà títí ó fi dúró síbi kan. Ọgbọ́n tuntun ti dé ọ̀dọ̀ wa nígbà náà: ojú abẹ kò ju mílímítà mẹ́fà lọ, Dókítà á gbẹ́ ẹ gba inú funfun ojú bí ihò òkété, tó jẹ́ pé bí ìfúnpá bá ti inú tì í, ihò náà á pa ara rẹ̀ dé láìsí òwú. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, a fún wọn ní mannitol ní wákàtí kan ṣáájú kí ìfúnpá ojú lè ti wálẹ̀ pẹ̀lẹ́, kó má jẹ́ pé abẹ ló máa já a wálẹ̀ lójijì. Ó mú wọn tọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Wọ́n ní bí a bá fẹ́ kí àwọn tọ̀ ni, kí á ti sọ ọ́ láti Ọ̀fà tí àwọn ti wá.

N kò na irinṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Mo gbé àpótí kékeré kan, mo jókòó sábẹ́ aṣọ aláwọ̀ ewé náà ní ẹ̀gbẹ́ wọn, mo di ọwọ́ wọn mú. Mo ní, "Bàbá, bí ikọ́ bá ń bọ̀, ẹ má gbé e mì o. Ẹ fún ọwọ́ mi."

Nígbà tí kátáráàtì ti jáde, tí lẹ́ńsì kò tíì wọlé, wọ́n fún un. Mo ní, "Dúró!" Dókítà yọ gbogbo irin ọwọ́ rẹ̀ kúrò nínú ojú, ihò náà pa dé, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tí ọlọ́pàá dá dúró. Bàbá wúkọ́. Wọ́n wúkọ́ tẹ́rùn, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, bí ẹni tó ti ń tọ́jú rẹ̀ láti ọdún mẹ́ta. A dúró. Mo gbọ́ aago ara ògiri. Dókítà wo inú máíkíróskóòpù, ó ní, "Ó ṣì ń pọ́n," a sì ń bá iṣẹ́ lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, èmi ni mo tú púlásítà. Bàbá ṣẹ́jú, wọ́n tún ṣẹ́jú, omi bọ́ lójú wọn. Wọ́n wo fèrèsé, wọ́n wo ọmọ wọn, wọ́n wá wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ìwọ nìyí?" wọ́n ní. "Pẹ̀lú gbogbo ohùn yẹn. Mo rò pé o sanra ni."